Ẹnìkejì Tí Ọkọ Mi Rà

Ọkọ mi bí ìbejì lọ́dún tó kọjá. Òun kọ́ ló lóyún, èmi náà kọ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ni, ó fi ìka tọ́ka sí wọn, wọ́n sì bá a gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀. Àgbá afẹ́fẹ́ méjì ni, onírin, dúdú, tí wọ́n fi ọ̀pá kan so pọ̀ lọ́rùn. Ọjọ́ tí wọ́n délé, ó gbé wọn sí àárín pálọ̀, ó tan gbogbo iná, ó ní kí n wá wò wọ́n. Mo wò wọ́n. Mo ní ẹ kú ewu ọmọ.

Kí ẹ tó sọ pé ẹnu mi mú, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí à ń ṣe fún yín. Abẹ́ omi la ti ń jẹun. Bí ìdákọ̀ró ẹnìkan bá já bọ́ sínú omi, àwa la máa lọ bá a gbé e. Bí ewédò àti ìkarawun bá bo ìdí ọkọ̀ ojú omi débi pé kò lè sáré mọ́, àwa la máa lọ ha á. Ọdún kejìlá rèé tí èmi àti ọkọ mi ti jọ ń ṣe é, ẹnì kan kì í wọ omi kí ẹnìkejì dúró sókè. Ní èbúté, Ọ̀gá Ẹja ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Èmi, Ìyàwó Ọ̀gá Ẹja ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ Ọ̀gá Ẹja ní omi wíwẹ̀. A kì í sọ ìyẹn lójú ìyá rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Kí a tó wọ omi, a ó dojú kọ ara wa, màá yẹ tirẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, òun náà á yẹ tèmi wò. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ó ṣí. Eélòó ni géèjì tó ń ka afẹ́fẹ́ wí? Igba. Bẹ́líìtì? Ó le. Rọ́bà ẹnu kejì, tí a fi ń mí bí àkọ́kọ́ bá kọ̀, dà? Òun rèé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ṣe é, ọkọ mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn rárá. Ó ní mo ń falẹ̀. Ó ní mo ń yẹ òun wò níwájú àwọn èèyàn bíi pé òun fẹ́ lọ sílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní tí a bá wọ omi tán, mo máa ń mí ju òun lọ, afẹ́fẹ́ tèmi á tán kíákíá, òun á sì ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ bá mi gòkè. Ẹ̀bi mi ni. Obìnrin tó mọ̀wàá hù kì í mí.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ ontàjà nìyẹn. Ọkùnrin náà lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó. Ó kọ́kọ́ gbé àgbá aluminiọ́mù jáde, ó ní èyí fúyẹ́ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti ń tán, á fẹ́ máa léfòó, a ó ní láti fi òjé kún bẹ́líìtì wa. Ó gbé onírin jáde: ìyẹn wúwo, ṣùgbọ́n ibi tí o bá fi í sí ló máa wà. Ó fi èyí tí wọ́n ń gbé há abíyá hàn wá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, fún àwọn tó ń wọ ihò tóóró. Lẹ́yìn náà ló mú kékeré kan wá tí kò gùn ju apá mi lọ, tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbá ńlá nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́.

Mo ní, “Onírin kan, kí á so kékeré yìí mọ́ ọn. Iṣẹ́ wa kì í jìn ju mítà mẹ́fà lọ. Ó tó.”

Ọkọ mi ò gbọ́. Ojú ẹ̀ ti wà lára ìbejì tó dúró ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ontàjà náà rí ojú yẹn, ó sì fi tèmi sílẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ríran. Ẹni tó bá gbé èyí pọ̀n, ẹnìkejì rẹ̀ ló gbé pọ̀n yẹn. Tí ọ̀kan bá daṣẹ́ sílẹ̀, èkejì wà níbẹ̀. Ẹ ò tún nílò ẹnikẹ́ni mọ́.”

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí irú ìdùnnú yẹn lójú ẹ̀ rí, ọjọ́ tí mo ní mo gbà láti fẹ́ ẹ.

Mo bi ontàjà pé tí okùn bá dè mọ́ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ṣé àgbá kejì á bá a tú u. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé tí iṣan ẹsẹ̀ bá fà á, ṣé àgbá kejì á wọ́ ọ jáde. Ó tún rẹ́rìn-ín. Mo ní mo dúpẹ́, ó ti yé mi. Wọ́n gbé ìbejì sẹ́yìn ọkọ̀.

Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ, torí pé bàbá wọn ò tètè ṣe é. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ni Táyé, inú ẹ̀ ni ọkọ mi á ti máa mí. Èyí tó wà lósì ni Kẹ́hìndé, ara tirẹ̀ ni géèjì àti rọ́bà ẹnu kejì wà. Lára ọ̀pá tó so wọ́n lọ́rùn, fáàfù kan wà láàárín. Tí fáàfù yẹn bá ṣí, afẹ́fẹ́ àwọn méjèèjì di ọ̀kan, inú àwo kan náà ni wọ́n á ti jọ máa jẹ. Tí ọ̀kan bá ń jò, ẹ ó nawọ́ sẹ́yìn ọrùn, ẹ ó tì í, kí ti èkejì má bàa bá a lọ. Ọgbọ́n ni. Mi ò bá ọgbọ́n jà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá Ẹja gbé ìbejì pọ̀n nínú pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti fáàfù. Ìyá rẹ̀ tó ń bá wa gbé jókòó sórí àga, ó ń wòran. Ọmọ rẹ̀ wọ ṣòkòtò péńpé àti awò ojú, ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ká apá sẹ́yìn ọrùn, ó ń yí nǹkan. Ó tì í, ó ṣí i, ó tì í. Ìyá pàtẹ́wọ́.

Ìyá ní, “Ọmọ mi, o ò ní ríbi.” Ó wá yíjú sí mi. “Ìyàwó, o rí i bí? Wàhálà ti kúrò lọ́rùn ẹ. O lè wá máa sinmi nílé báyìí.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni Mà. Ẹ ṣeun Mà.”

Ọkọ mi bọ́ ìbejì sílẹ̀, ó nu òógùn. “Ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù tí a fẹ́ ha ìdí ẹ̀ lọ́la yẹn, èmi nìkan ni mo máa ṣe é. Ìwọ ṣáà bá mi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn láàárọ̀.”

Ó dùn mí. Mi ò ní fi ẹ̀fẹ̀ bò ó. Ọdún mọ́kànlá tí mo fi di okùn kan náà mú pẹ̀lú ẹ̀ nínú omi dúdú, gbólóhùn kan ló fi pa á rẹ́, ó sì tún wọlé lọ wẹ̀, ó ń súfèé. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo Táyé àti Kẹ́hìndé bí obìnrin ṣe ń wo ìyàwó kékeré.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kí i, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ Sà. Ẹ ó mu tíì, àbí afẹ́fẹ́ nìkan lẹ fẹ́?” Ọkọ mi mọ̀ pé tí mo bá ti ń fi “ẹ” bá òun sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá ẹ̀ ò sí nítòsí, nǹkan ti bàjẹ́. Ó ṣe bíi pé kò gbọ́.

Yàrá tí ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àgbá wà kò ju kí èèyàn mẹ́ta dúró sínú ẹ̀ lọ. Ariwo ẹ̀ pọ̀, inú mi sì dùn sí ariwo náà, torí pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo so ọ̀pá rọ́bà mọ́ ẹnu Kẹ́hìndé, mo tan ẹ̀rọ. Àádọ́ta ni ontàjà ti fi sínú àgbá kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rinrin má bàa wọ̀ wọ́n. Igba ló yẹ kó dé. Lọ́jọ́ gbogbo, bí mo bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àgbá, màá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára. Àgbá tó ń kún máa ń gbóná. Ẹ̀rọ lè purọ́, géèjì lè purọ́, ìgbóná kì í purọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo ká apá mọ́ àyà. Mi ò ní fọwọ́ kan ọmọ orogún.

Igba pé kíá. Ó pé kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ, mo kàn rò pé ẹ̀rọ náà mọ̀ pé inú ń bí mi, ó ń tètè ṣe kó lè kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbejì mú, mo gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ọwọ́ mi sọ nǹkan kan fún mi. Mi ò dá a lóhùn.

Ọkọ̀ akẹ́rù náà gbòòrò, ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òrùlé ni lórí ẹni tó bá wà lábẹ́ ẹ̀. Béèyàn bá wà láàárín ìdí yẹn, kò sí gígòkè. Ó ní láti fi okùn wá ẹ̀gbẹ́ ná. A máa ń na okùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì nísàlẹ̀, òun la máa ń dì mú, torí pé omi èbúté ò jẹ́ kéèyàn rí kọjá ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwa méjèèjì la jọ na okùn náà.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ náà jókòó sórí àga ike. Ọkọ mi gbé ìbejì pọ̀n, ó de bẹ́líìtì òjé, ó wọ bàtà pẹ́pẹ́yẹ. Rọ́bà ẹnu kejì ń gbá a lágbọ̀n, ló bá mú un, ó kì í bọ abẹ́ okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà ẹ̀ kó má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Mo rí i. Ẹnu mi là, mo sì pa á dé.

Mo ní, “Ẹ ò ní jẹ́ kí n yẹ̀ yín wò?”

Ó ní, “Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò? Ẹnìkejì mi wà lẹ́yìn mi.” Ó wo géèjì. “Igba.” Ó kó sómi, ó lọ.

Ọlọ́dẹ wò mí. Ó ní, “Ẹ ò bá wọn lọ lónìí, Mà?”

Mo ní, “Wọ́n ti fi ìbejì rọ́pò mi.” Mo gbé àgbá tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láàárọ̀, mo ti to gbogbo rẹ̀, mi ò mọ ìdí. Ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan fún ọdún mọ́kànlá kì í gbọ́ pé ìjà wà. Mo dojú garawa kan dé, mo jókòó lé e, mo bu tíì láti inú fúláàsì.

Afẹ́fẹ́ orí omi tutù. Mo fi ọwọ́ òsì di ife tíì mú, ọ̀tún wà lórí itan mi. Mo ń ronú ohun tí màá wí nígbà tó bá jáde, mo sì ti rí mẹ́ta tó dùn gan-an. Òsì gbóná. Ọ̀tún tutù. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì.

Bó ṣe rí nìyẹn láàárọ̀. Ọwọ́ tí mo fi di Kẹ́hìndé mú gbóná, ọwọ́ tí mo fi di Táyé mú tutù bí irin ẹnu géètì. Fáàfù àárín. Ó ti fáàfù àárín ní pálọ̀, ó ń ṣeré fún ìyá ẹ̀, kò sì ṣí i padà, èmi náà ò wò ó. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́, Kẹ́hìndé nìkan ló gbé e mì. Géèjì, ara Kẹ́hìndé ló wà. Á máa pe igba títí. Ọkọ mi sì ń mí nínú Táyé, lórí àádọ́ta. Ohun tí a bá fún Táyé la ń fún Kẹ́hìndé, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo sọ wọ́n lórúkọ ni mi ò mọ̀.

Mo bi ọlọ́dẹ pé, “Ó ti tó ìgbà wo tó ti wọ omi?”

Ó wo aago. “Ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.” Ó wá na ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí ẹ̀hó èémí ọkọ mi ti máa ń hó jáde. “Ìwọ̀nyẹn ò sì jáde mọ́.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò gbọ́ ohun tó tún sọ. Mo gbé àgbá mi kọ́ ẹ̀yìn, mo fa awò sójú. Ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ mí wò. Mo wo ara mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní àyè ẹ̀ẹ̀kejì, mo sì ń bínú sí ara mi bí mo ṣe ń já sínú omi.

Okùn náà wà níbi tí a so ó sí. Mo dì í mú, mo ń fa ara mi lọ sábẹ́ ọkọ̀, òkùnkùn lókè, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Irin tó fi ń ha ìkarawun ni mo kọ́kọ́ rí, ó so rọ̀ lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi dè é mọ́ ara okùn wa, ó ń fì. Lẹ́yìn náà ni bàtà pẹ́pẹ́yẹ kan gbá mi lórí. Ọpẹ́ ni fún gbígbá yẹn.

Ọkọ mi ò ní nǹkan kan lẹ́nu. Ó ti ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ọrùn, ó ń yí ohun tó bá bá ọwọ́ ẹ̀ pàdé, èyí tí kò yẹ kó yí náà ló ń yí. Kẹ́hìndé kún dẹ́nu lẹ́yìn ẹ̀, rọ́bà ẹnu tó máa gbà á là wà lábẹ́ okùn ìhà rẹ̀ níbi tó fọwọ́ ara ẹ̀ há a sí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo fa rọ́bà ẹnu kejì tèmi yọ, mo kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mọ́ ọn kó má bàa tu ú nù. Ó mí. Ó tún mí. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fún un débi pé àmì ẹ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo nawọ́ sẹ́yìn ọrùn rẹ̀, mo wá fáàfù àárín, mo sì ṣí i. Mo gbọ́ ọ nínú omi, afẹ́fẹ́ ń sùúù láti inú Kẹ́hìndé lọ sínú Táyé. Mo sunkún nínú awò ojú mi. Ẹ má dán an wò láéláé, kò ṣe é nù.

A di okùn mú, a di ara wa mú, a jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ọlọ́dẹ bá wa fa ẹrù sókè, ó wò wá, ó lọ jókòó sọ́nà jíjìn. Ó gbọ́n.

Ọkọ mi jókòó sórí èbúté, omi ń kán nírùngbọ̀n ẹ̀.

Ó ní, “Mo ń wo géèjì. Mo wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, igba. Mo wò ó ní mẹ́wàá, igba. Mo rò pé mo ti wá mọ̀ ọ́n mí ni.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é, ó gbé ojú lé orúnkún.

Ó ní, “Èmi ni mo ti fáàfù yẹn ní pálọ̀. Mi ò ṣí i padà. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

Ẹ wo nǹkan. Ogún ọdún gbáko ni obìnrin lè fi irú gbólóhùn yẹn jẹun. Nígbàkígbà tó bá ní mo ń falẹ̀, màá kàn gbé e sílẹ̀ síwájú ẹ̀. Ìyá náà á gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Mo ti la ẹnu láti gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tíì dákẹ́, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù.

Mo ní, “Èmi ni mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Mo gbé e, ọ̀kan tutù, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Inú ń bí mi, mi ò bèèrè. Mo rí i tí o ń ki rọ́bà ẹnu bọ abẹ́ okùn, mi ò sọ̀rọ̀, torí pé mo fẹ́ kí nǹkan kékeré kan yíwọ́ kí o lè padà wá bá mi. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọ́.”

Ó ń fi àtàǹpàkò nu ọrùn ọwọ́ mi níbi tó ti fún un. Ó ní, “O ti fi ‘ẹ’ sílẹ̀, ‘o’ lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Inú ò bí ọ mọ́ nìyẹn.”

Mo ní inú ṣì ń bí mi. Ó ní òun mọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, a gbé ìbejì padà lọ bá ontàjà, a ní kó tú ọ̀pá ọrùn wọn, kó fi orí tuntun sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ò wá fẹ́ ẹnìkejì mọ́ ni?” Ọkọ mi ní òun ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, òun ò mọ̀ pé ó pọn dandan kí òun ra òmíràn. A sì ra kékeré méjì, irú èyí tí mo kọ́kọ́ sọ. Mi ò sọ pé mo ti sọ. Mo kàn dúró síbi tó ti lè rí ojú mi dáadáa.

Láti ìgbà náà, tí a bá dé èbúté, òun ló máa ń kọ́kọ́ na apá méjèèjì, tó máa ní, “Yẹ̀ mí wò.” Màá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà á yẹ tèmi wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń falẹ̀ burúkú. Nígbà míì, òtútù á fẹ́ẹ̀ pa mí kó tó dé bẹ́líìtì.

Ìyá ò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí Ìyá mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, ọmọ òun gbé àgbá kan ṣoṣo kọjá ní pálọ̀, ó ń lọ síṣẹ́.

Ìyá ní, “Ìbejì tí o rà ńkọ́? Ṣebí méjì ni mo rí.”

Ọkọ mi ò dúró. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, èmi sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù tèmi.

Ó ní, “Méjì náà ni, Màmá. Ìyàwó mi ló pọ̀n Kẹ́hìndé.”